Èmi Ni Mo Wà Nínú Ògiri Ilé Àbúrò Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá mi jókòó wo fíìmù kan. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ obìnrin kan kiri inú ilé obìnrin náà, irú ilé tuntun tí wọ́n ní ó gbọ́n, tó jẹ́ pé fóònù ló ń tan iná rẹ̀, fóònù ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá fẹ́ ṣe ibi, iná ilé á di pupa, ẹ̀rín burúkú á sì máa jáde láti inú ògiri. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n mọ́kànlá níwájú, ó dé fìlà dúdú.

Ìyá mi fi ìborùn bo ojú wọn. Èmi ń jẹ búrẹ́dì mi.

"Fíìmù yìí ò dáa," ni mo wí. "Irọ́ ló ń pa. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é báyẹn."

Ìyá mi ṣí ojú kan. "Ìwọ ló kúkú yẹ kó mọ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì fi ìborùn bojú padà.

Mo mọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo mọ̀ nítorí pé mo ṣe é. Mi ò dé fìlà kankan. Fóònù kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo ní. Ọ̀sán gangan ni mo sì ń ṣe é, nínú ọkọ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lórí itan mi. Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn ní àjèjì ló ń wọlé tọ èèyàn. Àjèjì kọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó gbọ́ ọ tán ná, kó lè bú mi dáadáa.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa lọ sílé àwọn èèyàn, kí n máa de kámẹ́rà, iná, ẹ̀rọ agbóhùn, àti ilẹ̀kùn tó ń dá ìka onílé mọ̀. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Òfin kan ló máa ń tún sọ fún wa. Bí a bá ń ṣe iṣẹ́ lọ́wọ́, orúkọ wa máa ń wà nínú ẹ̀rọ ilé náà, torí láìsí ìyẹn a ò lè dán nǹkan kan wò. Ṣùgbọ́n kí a tó kó irinṣẹ́, a gbọ́dọ̀ yọ orúkọ wa kúrò, kí onílé sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Onílé ló nilé," ni ọ̀gá máa ń wí. "Tí o bá ti ṣe tán, yọ ara rẹ."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Mi ò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan rí. Ilé kan ṣoṣo ni mi ò ti yọ ara mi, mi ò sì gbàgbé níbẹ̀ náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ilé àbúrò mi obìnrin ni.

Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é nílé, torí pé bó bá ń rẹ́rìn-ín ní yàrá, àwọn ará ilé kejì á gbọ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo mú un lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ìyá wa ń fọ aṣọ ọsibítù láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i tí mi ò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó wá lọ́kọ, ẹni tó ń pè mí lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ó dùn mí. Mo jowú ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọkọ náà ní ilé ìtajà oògùn. Jẹ́jẹ́ ni mo ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí pé kì í gbé ohùn sókè. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn gan-an. Òun ló ní kí n wá de gbogbo ẹ̀rọ sí ilé wọn tuntun. Ó ní ààbò ìyàwó òun ló jẹ òun lógún.

Lọ́jọ́ tí mo parí, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló wà nílé. Ó dúró tì mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń tan iná, ó ń pa á.

"Ṣé ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ti tán."

"Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rẹ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kí n po tíì fún yín."

Ó kọjá sí ilé ìdáná. Mo wo orúkọ mi lójú fóònù, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí onílé kì í yẹ̀ wò. Mi ò yọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́. Ara mi náà mọ̀ pé mò ń purọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo ń jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀ iṣẹ́, fóònù mi dún pé ilẹ̀kùn ilé àbúrò mi ti ṣí. Ọwọ́ mi lọ tẹ ẹ̀rọ agbóhùn ilé ìdáná rẹ̀. Mo gbọ́ tí omi ń hó. Mo gbọ́ tó ń kọrin, tó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, tó wá ń fi imú parí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, mo pa á. Ara mi yá gágá títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò dúró kí fóònù dún.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Mo mọ ọjọ́ tí ìrẹsì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó ń bá òdòdó ojú fèrèsé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Mo fẹ́ràn wọn gan-an o. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè wọ́n báyìí, ìbéèrè wọn pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi bínú. Ẹ wo ẹni tó ń bínú, èmi tí mo lúgọ sínú ògiri rẹ̀ bí aláǹgbá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú ilé ìdáná náà. Jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Ibi iṣẹ́ ló ti ń sọ̀rọ̀ gba inú ẹ̀rọ jáde.

"Ta lẹ jọ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, lórí fóònù."

"Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Kí lẹ ń sọ fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún?" Kò gbóhùn sókè. Bí ìgbà tó ń sọ fún aláìsàn pé kó lo oògùn lẹ́yìn oúnjẹ ló rí. "Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ sinmi."

Ó sì pa iná ilé ìdáná mọ́ ọn lórí láti ibi tó wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sílẹ̀ fún òun náà. Ó ń béèrè ìdí tó fi dúró pẹ́ lójú fèrèsé. Ó ń béèrè ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka ẹsẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Kò kọrin mọ́. Òdòdó náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi sì ni mo mọ ẹ̀rín yẹn jù láyé.

Ó wá pè mí fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn tí ẹ ṣe yìí ò dá mi mọ̀ mọ́. Tí mo bá jáde, mi ò lè wọlé. Àfi kí n pe ọkọ mi kí wọ́n ṣí i fún mi láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ò dáa."

Ilẹ̀kùn mi dáa. Ẹ̀rọ náà ní àkọsílẹ̀ kan tó máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, àti wákàtí tó ṣe é. Mo ti rí i níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ọkọ rẹ̀ ló yọ ìka rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Bí mo bá sì ní kí n wá wò ó, inú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà ni orúkọ mi wà, lórí ilé ìdáná rẹ̀, lọ́sàn-án lọ́sàn-án.

"Bóyá ọwọ́ rẹ tutù ni," ni mo wí.

"Ọwọ́ mi?"

"Bí ọwọ́ bá tutù, kì í dá a mọ̀. Máa nù ún dáadáa."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, kí n má baà rí ibi sá sí. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo tẹ́tí sí i, kò dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n irọ́ ọwọ́ tútù yẹn ló burú jù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí mo gbé pọ̀n, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá kí orúkọ mi má baà bàjẹ́.

Ọjọ́ kejìlá jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo wà níwájú ilé dókítà eyín kan tí a ń bá ṣiṣẹ́, aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo tẹ fóònù mi. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà fi Ẹlẹ́rìn-ín hàn mí, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewéko tó fi ń lọ òde, ó gbé fáìlì dání. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Wọ́n ní kó wá láago méjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ti gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó hàn pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ó fa ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó tún fà á.

"Ilẹ̀kùn yẹn ti tún ń yọnu," ni ohùn Jẹ́jẹ́ wí láti inú ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i. Mo fẹ́ yára dé ibì kan."

"Èmi kọ́. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Jókòó, màá tún un ṣe tí mo bá dé nírọ̀lẹ́."

"Aago méjì ni wọ́n fún mi."

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Irú ilẹ̀kùn yẹn, bí a bá fi fóònù tì í, inú àti ìta ló tì. Èmi ni mo yan án fún wọn, mo ní ó lágbára. Àbúrò mi fi iwájú orí ti pákó rẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń gbé ìka lé e, ó tún ń nù ún.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ṣí i, fóònù ọkọ rẹ̀ á dún lójú ẹsẹ̀, orúkọ mi á sì jáde gàdàgbà. Iṣẹ́ mi á lọ. Gbogbo ẹbí á gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹlẹ́rìn-ín," mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, "ilẹ̀kùn ti ṣí. Máa lọ."

Kò lọ. Ó gbójú sókè sí kámẹ́rà.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Níbo lẹ wà?"

"Máa lọ ná, kó tó tún tì í."

"Láti ìgbà wo lẹ ti wà níbẹ̀?"

Ó wo kámẹ́rà náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ó jáde, kò sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pè wá sí pálọ̀ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó sí àga ńlá, bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wo ẹnikẹ́ni. Jẹ́jẹ́ mú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wá, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi yẹ́lò kun gbogbo ibi tí orúkọ mi wà.

"Bàbá, mi ò bínú," ni ó wí. "Ojú ló ń tì mí fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ìwé náà sókè sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ibi tó kùn yẹn, èmi ni."

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ ọkọ àbúrò rẹ."

"Mi ò ní kúnlẹ̀ fún un, sà."

Ìyá mi ní, "Ha, ọmọ yìí."

"Ẹ bú mi, sà. Ẹ lé mi jáde. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú pálọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn ibi tí kò kùn. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé awakọ̀ tó bá ń fo ìlà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ á pa èèyàn."

"Àwọn tó kù ò já mọ́ nǹkan, Bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni."

Bàbá ti wọ awò ojú. Ẹ má fi ìwé àkọsílẹ̀ lé awakọ̀ rélùwéè lọ́wọ́ kí ẹ wá ní kó fo ìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á síta.

"Ilé ìdáná, gbígbọ́: ìwọ." Ó nawọ́ sí mi. "Ilé ìdáná, gbígbọ́: ọkọ. Gbígbọ́: ọkọ. Iná pípa: ọkọ. Gbígbọ́: ìwọ. Gbígbọ́: ọkọ. Ọkọ. Ọkọ."

Ó kà á pẹ́. Ìborùn ìyá mi ti já bọ́ sílẹ̀, wọn ò mú un.

"Ìka ìyàwó, yíyọ: ọkọ. Ilẹ̀kùn iwájú, títì, ìyàwó wà nínú ilé: ọkọ." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tìrẹ jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ti ọkọ jẹ́ igba ó lé méjìlá." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ṣé o ti ọmọ wa mọ́lé ni?"

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Orúkọ rẹ ni mo rí níbí. Mi ò rí orúkọ ẹ̀rọ."

Ìyá mi gbé orí sókè. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná," ni wọ́n wí, "ká tó fàbọ̀ bá adìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín náà. Mo rò pé mo ti borí.

"Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ẹlẹ́rìn-ín ló sọ̀rọ̀. Èmi ló ń wò.

"Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo pè yín, ẹ ní ọwọ́ mi tutù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń nu ọwọ́. Mo ra áńkáṣífì nítorí ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá àrùn ni, pé bóyá ara mi ni ò dáa."

Mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi, lórí eékún mi méjèèjì, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n dìde, ó ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Mi ò dìde.

"Ẹ dìde," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ pa mí lẹ́nu mọ́. Mi ò tíì bínú tán."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà dìde, ó ní kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ilé wo?" Ó wọ yàrá ìyá mi, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá mi kí ẹnikẹ́ni tó lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n kó irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Òfin kan ni mo fún ẹ." Mi ò bẹ̀ ẹ́, ó tọ̀nà. Mo ti dá dúró báyìí, kọ́kọ́rọ́ onírin lásán ni mò ń tún ṣe. Àwọn ojúlùmọ̀ kan wà tí wọn ò fẹ́ kí n wọ ilé wọn mọ́. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé bí mi ò bá yọjú sọ́rọ̀ tọkọtaya, ilé yẹn ì bá dúró, ẹ gbọ́ o: ilé tí wọ́n fi fóònù ti obìnrin mọ́ kò yẹ kó dúró. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tún tì mọ́ ọn lọ́la, màá tún ṣí i, kí orúkọ mi jáde ní gàdàgbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mi ò ní lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ògiri kí n tó ṣe é.

Ẹlẹ́rìn-ín dé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ọjọ́bọ̀ náà láago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n gbà á. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́, torí oṣù márùn-ún gbáko ni kò fi pè mí. Mi ò pè é náà. Ó nira ju bí mo ṣe lè sọ lọ, èmi tí mo ti mọ ìgbà tí omi ń hó nílé rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni fóònù mi dún.

"Mo ti gba yàrá kan, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀," ni ó wí. "Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀. Èyí tí kò gbọ́n rárá."

Mo lọ lọ́sàn-án. Ó dúró tì mí títí mo fi dè é tán, kò lọ po tíì. Nígbà tí mo ṣe tán, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

"Ọmọ kọ́kọ́rọ́ mélòó ló bá a wá?"

"Mẹ́ta."

Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ mi òfìfo. Ó wo báàgì irinṣẹ́ mi. Mo ṣí báàgì náà fún un láìjẹ́ pé ó ní kí n ṣí i. Ó wò ó, ó mi orí pé ó ti tó.

"Ẹ bọ́ síta ná, kí n dán an wò."

Mo bọ́ síta. Ó pa ilẹ̀kùn dé, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Pákó nípọn, irin náà ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Nígbà tó yá, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ dúró níbẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wù mí kí n jẹ́ kí ẹ dúró."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo sì dúró.